Hàmóníkà Oníhò Mẹ́wàá fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Kọ Orin: Ìfiwéra Kí Ẹ Tó Rà

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtajà ohun èlò orin, tó ní òun fẹ́ ra hàmóníkà, orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ kà fún un: Hohner, Suzuki, Seydel, Lee Oskar. Iye owó ni yóò tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí ìbéèrè kan ṣáájú méjèèjì, ìyẹn ni pé kí ni oníbàárà fẹ́ kí hàmóníkà náà máa ṣe. Àwọn kan fẹ́ kó máa fi kọ́ọ̀dù gbe ẹlòmíràn lẹ́yìn nígbà tó bá ń kọrin. Àwọn mìíràn fẹ́ kí hàmóníkà fúnra rẹ̀ kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ohùn kan máa tẹ̀ lé òmíràn, débi pé ẹni tó bá mọ orin náà yóò máa bá a gbè é nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn ẹni kejì yìí ni mo ń kọ̀wé sí. Èrò mi ni pé ìtò ohùn inú hàmóníkà, àti ìwọ̀n tí wọ́n fi yí ohùn náà, ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi yan tirẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sára páànù rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe àárín rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Oríṣi méjì ni a óò kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń ṣì wọ́n rà. Èkíní ni tremolo, èyí tó gùn, tí ihò rẹ̀ sì wà ní ìlà méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Ahọ́n irin méjì ló ń dún pọ̀ fún ohùn kan nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yí ọ̀kan ga ju èkejì lọ díẹ̀ kí ohùn náà lè máa gbọ̀n. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ wálẹ̀ bí ó ti yẹ, gbígbọ̀n náà kì í sì í dáwọ́ dúró nígbà tí orin bá fẹ́ ohùn tó dúró ṣinṣin. Èkejì ni chromatic, tó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ń gbé gbogbo ohùn sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀, ìyẹn àlàfo tó kéré jù láàárín ohùn méjì lórí dùùrù. Òun ni Stevie Wonder àti Toots Thielemans fi lókìkí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́ Stevie Wonder, tí wọ́n lọ ra oníhò mẹ́wàá, tí wọ́n wá ń dá ara wọn lẹ́bi pé àwọn kò lẹ́bùn. Bó bá jẹ́ irú ohùn yẹn gan-an lẹ ń wá, ẹ tọ́jú owó yín de chromatic.

Oníhò mẹ́wàá tí kò ní bọ́tìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní diatonic, ni ìfiwéra yìí dá lé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé fífi hàmóníkà kọ orin jẹ́ àṣà àjèjì láàárín wa. Kí fújì tó gba orúkọ, àwọn ẹgbẹ́ wéré tó máa ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ramadan máa ń ní ẹni tó ń fọn mouth organ, ìyẹn hàmóníkà, iwájú ẹgbẹ́ ló sì máa ń wà, tí yóò máa fi ohùn orin dí àlàfo láàárín orin kan àti èkejì bí wọ́n ṣe ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn.

Àwọn ohùn tó sọnù

Ẹni tó bá ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ sol-fa, nítorí náà sol-fa ni màá fi ṣàlàyé. Ìtò tó wọ́pọ̀ jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Richter, rí báyìí láti ihò kìíní dé ìkẹwàá:

Fífẹ́: dóò, míì, sóò, dóò, míì, sóò, dóò, míì, sóò, dóò
Fífà: réè, sóò, tíì, réè, fáà, láà, tíì, réè, fáà, láà

Ẹ wo ihò kẹrin dé ìkeje. Gbogbo ohùn méjèèje ló wà níbẹ̀, láti dóò dé dóò, láìsí wàhálà kankan àfi ti ihò keje, níbi tí ètò èémí ti yí padà. Láti ihò kẹrin dé ìkẹfà, ẹ óò kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ tó fà. Bí ẹ bá dé láà ní ihò kẹfà, fífà ni, tíì ní ihò keje tún jẹ́ fífà, ìgbà náà lẹ óò tó fẹ́ dóò. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ ti máa ń yọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń mọ́ ọn.

Ìsàlẹ̀ ni ìṣòro wà. Láti ihò kìíní dé ìkẹta, fáà kò sí, láà kò sí, sóò sì wà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ẹ bá fa ihò kejì àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ ihò kẹta. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá la ẹnu bo ihò mẹ́ta tí ẹ sì fẹ́, kọ́ọ̀dù dóò-míì-sóò ni yóò jáde. Bí ẹ bá fa ihò kejì dé ìkẹrin, sóò-tíì-réè ni. Iṣẹ́ àgbéléyìn ni wọ́n fi ìsàlẹ̀ ṣe. Lókè pátápátá, tíì ni kò sí, ṣùgbọ́n orin tó ń gòkè dé ibẹ̀ kò pọ̀, n kò sì ní fi ìyẹn yan hàmóníkà.

A lè rí àwọn ohùn tó sọnù yìí bí a bá tẹ ohùn mìíràn wálẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun: sóò tí à ń fà ní ihò kejì lè wálẹ̀ di fáà, tíì tí à ń fà ní ihò kẹta sì lè wálẹ̀ di láà. Iṣẹ́ ńlá ni èyí kejì. Ihò kẹta ní ibi mẹ́ta tí ohùn lè dúró sí bó ti ń wálẹ̀, àárín gan-an sì ni láà wà, tí kò sí ohun tí yóò dá ènìyàn dúró níbẹ̀ àfi etí rẹ̀. Ọ̀gá hàmóníkà máa ń ṣe é wẹ́rẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò lo oṣù púpọ̀ kí láà rẹ̀ tó dúró síbì kan, àwọ̀ ohùn náà yóò sì tún yàtọ̀ sí ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàápàá nínú orin tó falẹ̀.

Mo tẹnu mọ́ láà nítorí orin tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn orin ìbílẹ̀ wa àti ègbè tí à ń kọ ní ìsìn ló dúró lórí ohùn márùn-ún, dóò, réè, míì, sóò, láà, wọ́n sì fẹ́ràn láti bọ́ sísàlẹ̀ dóò lọ sí láà, kí wọ́n sì sinmi ní sóò kí wọ́n tó padà. Ibẹ̀ gan-an ni hàmóníkà Richter ti fọ́jú. Bí ẹ bá fi sóò dípò láà, olùgbọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ orin náà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ ni orin tẹ̀ lé. Orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè òyìnbó kò ní ìṣòro tó tó yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin rẹ̀ kì í sábà bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtò mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì

Ìtò àkọ́kọ́ ni Richter tí mo ti ṣàlàyé. Èrè rẹ̀ ni pé òun ni gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ àti fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ́ni, òun náà sì ni ilé iṣẹ́ gbogbo ń ṣe ní gbogbo kíì, ìyẹn ohùn tí à ń fi ṣe dóò. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ orin blues pẹ̀lú, ẹ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀.

Ìtò kejì ni Paddy Richter, tí Brendan Power gbé jáde. Ará New Zealand ni ọkùnrin yìí, orin Ireland ló sì fi hàmóníkà rẹ̀ kọ jù. Ohùn kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀: sóò tí à ń fẹ́ ní ihò kẹta gòkè ní odidi ìgbésẹ̀ kan, ó di láà. Sóò kò sì sọnù, nítorí ó ṣì wà ní ihò kejì nígbà tí ẹ bá fà. Ẹ wo ohun tí ẹ jèrè: láti dóò ihò kẹrin, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ sí tíì, láà, sóò, míì, réè, títí dé dóò ihò kìíní, láìtẹ ohùn kankan, fáà nìkan ló sì ṣẹ́ kù tí kò sí. Orin olóhùn márùn-ún wà níbẹ̀ ní pípé láti ìsàlẹ̀ dé àárín. Ohun tí ẹ pàdánù ni kọ́ọ̀dù dóò-míì-sóò ti ìsàlẹ̀ pátápátá, àti títẹ tíì ihò kẹta wálẹ̀ jìnnà, èyí tí àwọn oníblues fẹ́ràn. Ìdajì ìgbésẹ̀ péré ló kù tó lè wálẹ̀. Fún ẹni tó ń fi hàmóníkà kọ orin wa, mo rò pé ohun tó rí gbà ju ohun tó fi sílẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìtò kẹta ni wọ́n ń pè ní country. Fáà tí à ń fà ní ihò karùn-ún ni wọ́n gbé sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀. Charlie McCoy, ọ̀gá hàmóníkà ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà, lo irú ìtò yìí, òun náà sì ni a lè tọ́ka sí bí a bá fẹ́ mọ bí oníhò mẹ́wàá ṣe lè kọ orin láìfi ohùn kan falẹ̀. Àwọn tó fi sóò ihò kejì ṣe ilé orin, tí wọ́n ń pe ohùn yẹn ní dóò tuntun, ni ìtò yìí wà fún, nítorí ohùn tí wọ́n gbé sókè yẹn di tíì fún wọn. Bí ẹ bá ń fi ihò kẹrin ṣe dóò, ìtò yìí yóò gba fáà tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe rà á láìmọ èyí tí ẹ ń ṣe nínú méjèèjì.

Ìtò kẹrin ni Melody Maker ti Lee Oskar, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Wọ́n yí ohùn mẹ́ta: ihò kẹta ní fífẹ́ gòkè ní odidi ìgbésẹ̀ bíi ti Paddy Richter, ihò karùn-ún àti ìkẹsàn-án ní fífà sì gòkè ní ìdajì. Nínú rẹ̀, fífa ihò kejì ni dóò. Láti ibẹ̀, ẹ óò fẹ́ ihò kẹta fún réè, ẹ óò fà á fún míì. Ẹ óò fẹ́ ihò kẹrin fún fáà, ẹ óò fà á fún sóò. Ẹ óò fẹ́ ihò karùn-ún fún láà, ẹ óò fà á fún tíì. Fífẹ́ ihò kẹfà sì ni dóò òkè. Kò parí síbẹ̀. Ó tún bá a lọ láìsí àlàfo títí dé fífẹ́ ihò kẹsàn-án, ìyẹn ni pé dóò dé dóò lẹ́ẹ̀mejì ní tẹ̀léńtẹ̀lé, tí ẹ kò sì ní tẹ ohùn kankan wálẹ̀. Nísàlẹ̀ dóò náà, fáà, sóò àti láà wà nínú ihò kìíní àti ìkejì, tíì nìkan ni kò sí. Orin olóhùn márùn-ún tí ń bọ́ sísàlẹ̀ rí láà àti sóò rẹ̀ gbà níbẹ̀. Orin ìyìn tó ń lo ohùn méjèèje rí ti rẹ̀ gbà lókè.

Ọ̀ràn orúkọ kíì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ohùn ilé, ìyẹn dóò tí à ń fà ní ihò kejì, ni wọ́n fi ń sọ Melody Maker lórúkọ, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ G sí lára bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn C ní ihò kìíní. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gbé e bá dùùrù, yóò fẹ́ ihò kìíní, yóò sì rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ohun mìíràn ni pé kíì díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é sí.

Bí ẹ bá ní kí n yàn fún ẹni tí kò fọn hàmóníkà rí, tí kò sì nífẹ̀ẹ́ sí blues, Melody Maker ni màá kọ́kọ́ gbé fún un. Fún ẹni tó ti mọ Richter díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ti mọ ibi tí dóò ihò kẹrin wà, Paddy Richter ni yóò rọrùn jù, nítorí ohun tuntun kan péré ló máa kọ́.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi yí ohùn

Hàmóníkà méjì lè ní ìtò kan náà, kí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe wọ́n, kí wọ́n sì má dún bákan náà, nítorí ìwọ̀n ohùn wọn yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ orin pín ìdajì ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ǹtì. Dùùrù àti gìtá ń lo ìwọ̀n dídọ́gba, tí gbogbo ìdajì ìgbésẹ̀ fi jẹ́ sẹ́ǹtì 100 géérégé. Àwọn hàmóníkà àtijọ́ kò tẹ̀ lé èyí. Kí kọ́ọ̀dù má baà gbọ̀n ni wọ́n ṣe yí wọn bí wọ́n ṣe yí wọn: wọ́n sọ míì kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 14, wọ́n sì sọ fáà tí à ń fà ní ihò karùn-ún àti ìkẹsàn-án kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 30.

Bí ẹ bá fa ihò kejì dé ìkarùn-ún pọ̀ lórí irú hàmóníkà bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀dù tó jáde yóò dán bí ohùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fáà yẹn nìkan kọ orin nígbà tí ẹlòmíràn ń tẹ dùùrù, sẹ́ǹtì 30 kì í ṣe ohun tí etí ń gbójú fò. Ohùn náà yóò dà bí ẹni tó kọrin láìdé ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ olórin ti bínú sí ẹnu ara wọn nítorí ohùn tí ilé iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ sọ kalẹ̀.

Lóde òní, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Hohner ń yí Marine Band àti Special 20 sí ìwọ̀n ìlàjà, tí kò jẹ́ kí kọ́ọ̀dù gbọ̀n jù, tí kò sì jẹ́ kí ohùn orin lọ sílẹ̀ jù. Lee Oskar ń lo ìwọ̀n dídọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni Promaster ti Suzuki. Golden Melody ti Hohner, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, náà lo ìwọ̀n dídọ́gba, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń fi hàmóníkà kọ orin fi gba tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti tún un ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun ka ohun tí ilé iṣẹ́ kọ nípa ìwọ̀n rẹ̀ kó tó sanwó. Ìwọ̀n kẹta, ti àtijọ́, ẹ óò bá a nínú ògbólógbòó tí ẹnì kan jogún tàbí tó rà ní àlòkù.

Bí ẹ óò bá máa bá dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gìtá kọrin, ẹ gba ìwọ̀n dídọ́gba. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa fọn ọ́ nínú ilé, tí ẹ sì fẹ́ máa da kọ́ọ̀dù díẹ̀ mọ́ orin, ìlàjà yóò dùn mọ́ yín nínú jù. Kò sí èyí tí ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì dáadáa.

Àwọn tó lórúkọ lọ́jà

Hohner ni orúkọ tó dàgbà sétí ènìyàn jù. Matthias Hohner bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ní Trossingen ní Jámánì lọ́dún 1857, Marine Band rẹ̀ sì ti wà láti 1896. Igi ni wọ́n fi ṣe àárín Marine Band 1896, ibi tí àwọn ihò wà, ìṣó ni wọ́n sì fi kan àwo ahọ́n rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí àwọn ahọ́n wà lára rẹ̀, mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ mú, ó sì lárinrin. Ṣùgbọ́n igi tí wọn kò kùn máa ń mu itọ́, ó máa ń wú, ẹnu rẹ̀ á sì yọ síta tí yóò máa ha ènìyàn létè bí ó bá fọn ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìṣó náà kò jẹ́ kó ṣe é tú láìsí ìbẹ̀rù. Marine Band Deluxe àti Crossover ti yanjú ìṣòro méjèèjì: wọ́n kun igi Deluxe, wọ́n fi ọparun ṣe ti Crossover, sùkúrúù ni wọ́n sì fi dè wọ́n. Wọ́n wọ́n ju Special 20 lọ, fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ n kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó san owó tó lé yẹn.

Special 20 ni a lè pè ní èyí tí kò ní já ènìyàn kulẹ̀. Ike ni àárín rẹ̀, kì í wú, àwo ahọ́n rẹ̀ sì wọ inú ike náà débi pé etí irin kò kan ètè. Ètè á máa yọ́ lọ láti ihò kan sí òmíràn, èyí tó ṣe pàtàkì fún orin ju bí ènìyàn ṣe máa ń rò lọ, nítorí orin ń rìn, kì í jókòó sójú kan bíi kọ́ọ̀dù.

Lee Oskar jẹ́ ọmọ Denmark tó fọn hàmóníkà nínú ẹgbẹ́ olórin War ní Amẹ́ríkà. Láti 1983 ni hàmóníkà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wà, ilé iṣẹ́ Tombo ní Japan ló sì ń ṣe é. Ike ni àárín rẹ̀ náà. Èrè ńlá rẹ̀ ni pé wọ́n ń ta àwo ahọ́n rẹ̀ lọ́tọ̀: bí ahọ́n kan bá kú, ẹ ó pààrọ̀ àwo, ẹ ó sì fi ìdérí àti àárín ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń retí ọjà láti òkè òkun mọ ìtumọ̀ èyí. Yàtọ̀ sí Melody Maker, wọ́n tún ń ṣe méjì tó wà fún orin oníbànújẹ́, Natural Minor àti Harmonic Minor.

Seydel ti wà ní Klingenthal ní Jámánì láti 1847, ó ṣáájú Hohner. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ahọ́n rẹ̀. Idẹ tàbí irú irin tó sún mọ́ ọn ni àwọn yòókù ń lò, ṣùgbọ́n 1847 Classic àti Session Steel ń lo irin tí kì í dípatà. Idẹ máa ń rẹ̀ nígbà tó bá ti gbọ̀n títí; ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ihò kẹrin àti ìkarùn-ún ní fífà ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Irin Seydel ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí wọ́n kùn ni àárín 1847 Classic, ike ni ti Session Steel, tí owó rẹ̀ sì rọjú díẹ̀. Seydel náà ni màá tọ́ka ẹni tó fẹ́ Paddy Richter sí, nítorí wọ́n ń tà á ní ṣíṣetán, wọ́n sì ń gbà kí oníbàárà yan ìtò ohùn tó wù ú. Bí owó bá wà, Session Steel tó ní ìtò Paddy Richter ni mo rò pé ó sún mọ́ ohun tí à ń wá jù lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ìyẹn. A lè yí Special 20 sí Paddy Richter nílé. Ahọ́n tí à ń fẹ́ wà ní inú àwo òkè, nítorí náà ẹ ó tú ìdérí, ẹ ó sì tú àwo náà kúrò, ẹ ó ki irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ ahọ́n ihò kẹta, ẹ ó sì máa fi fáìlì kékeré ha orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí orí ahọ́n bá ṣe ń fúyẹ́ ni ohùn ń gòkè. Bó bá gòkè kọjá, ẹ ó ha ìdí rẹ̀ kó lè wálẹ̀. Ẹ máa fi ohun ìyíohùn orí fóònù yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìhá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ti gbó dánrawò. Ìdí mìíràn tí n kò fi fọwọ́ sí oníṣòó nìyí.

Suzuki ti Hamamatsu ní Japan, tí Manji Suzuki dá sílẹ̀ lọ́dún 1953, ní Promaster tí wọ́n fi aluminiọ́mù ṣe àárín rẹ̀. Ó wúwo lọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí èémí jò. Ó ní irú kan tí wọ́n kọ V mọ́ orúkọ rẹ̀, tó ní fáàfù pẹlẹbẹ, ìyẹn ìdérí kékeré tí ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, lórí ìdajì àwọn ahọ́n rẹ̀. Fáàfù yìí ń jẹ́ kí àwọn ohùn tí kò ṣe é tẹ̀ lórí hàmóníkà lásán lè wálẹ̀ díẹ̀, èyí tó ń fún orin ní ìfà àti ìgbọ̀n bí ohùn akọrin. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n fáàfù máa ń lẹ̀ bí itọ́ bá bọ́ sí i, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ overblow, ọgbọ́n tí Howard Levy fi ń rí gbogbo ohùn lórí oníhò mẹ́wàá, kò ní lè ṣe é lórí èyí. Kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi méjèèjì sílẹ̀ ná.

Kíì wo?

Kíì C ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ rà, ó sì dára bí ẹ óò bá máa tẹ̀ lé ìwé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n lórí Richter, dóò ihò kẹrin, níbi tí ohùn ti pé, jẹ́ C tó ga ní odidi dóò dé dóò kan ju C àárín dùùrù lọ. Ó ga fún orin tó falẹ̀, bó bá sì dé ihò kẹjọ á máa gún etí. Hàmóníkà G ló lọ sílẹ̀ jù nínú àwọn kíì tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń ṣe, F ṣáàpù ló ga jù. Lórí G, dóò ihò kẹrin bọ́ sí G tó wà lókè C àárín dùùrù, ibi tí àwọn obìnrin àti ọmọdé ti ń kọrin láìfipá. Fún orin ìyìn, G tàbí A ni màá yàn ṣáájú C. Ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ yín ni èémí, nítorí ahọ́n ìsàlẹ̀ G gùn, kì í sì í yára dáhùn bíi ti C.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ilé ìtajà mìíràn kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ẹnu kàn án, wọ́n sì jàre; púpọ̀ nínú wọn ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń dán an wò. Ẹ ní kí wọ́n ti ihò kọ̀ọ̀kan, ní fífẹ́ àti ní fífà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ahọ́n tí kò bá dáhùn sí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kò ní kọ orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún yín. Ẹ fetí sí ihò kìíní àti ìkẹrin ní fífẹ́ pọ̀, dóò ni méjèèjì. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n lára wọn, wọn kò yí i dáadáa. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò bóyá àlàfo wà láàárín àwo àti àárín.

Bí ẹ bá sì dé ilé, tí ihò kejì kò dún tàbí tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́fun nígbà tí ẹ bá fà á, ẹ má tíì gbé e padà. Ihò kejì àti ìkẹta ní fífà, àti ìkẹwàá ní fífẹ́, ni wọ́n máa ń fẹ̀sùn kàn jù láìjẹ́ pé wọ́n bàjẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun tó há ló ń tẹ ohùn wọn wálẹ̀ láìmọ̀. Ẹ ju àgbọ̀n sílẹ̀, kí ahọ́n yín sùn sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ yán, kí ẹ sì fà á lẹ́ẹ̀kan sí i láìyára. Bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ilé ìtajà bá dún un tí ẹ̀yin kò lè dún un, kò sí ohun tó ṣe hàmóníkà.